Ọjọ́ Tí Màmá Ìyàwó Mi Di Mẹkáníìkì ní Òkè Màpó

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Bẹẹrẹ sí Màpó n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹ́ kí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí à ń tẹ̀ ká tó yí jíà, lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò bọ̀. Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fà á sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sùn. Takisí Micra wà níwájú, Micra wà lẹ́yìn, gbogbo wọn ń fọn fèrè. Lókè lọ́hùn-ún, gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ti ṣí láti 1929 dúró ṣinṣin, ó ń wò mí. Ibẹ̀ la ń lọ, ìnáwó ìdílé ni. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Màmá ìyàwó mi jókòó sí, pẹ̀lú léèsì, pẹ̀lú gèlè, ó gbé kúlà ọbẹ̀ lé itan.

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé?"

"Kílọ́ọ̀ṣì ni, Màmá."

"Ẹ ra òmíràn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn tó ń kiri gàlá ń kiri kílọ́ọ̀ṣì náà.

Kí n tó fèsì, bàtà mi ti tutù. Nǹkan ń kán sí i láti ìdí pẹ́dà. Màmá sáré ṣí kúlà wò, ó ní ọbẹ̀ òun kò dà o, kí n má purọ́ mọ́ òun. Ọ́ìlì bíréèkì ni. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yìí kò lo wáyà. Ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ dé ìdí jíà. Pẹ́dà á ti sílíńdà òkè, òkè á ti ọ́ìlì gba inú páìpù, ọ́ìlì á ti sílíńdà ìsàlẹ̀. Bí rọ́bà inú ti òkè bá jẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ́ìlì á gbà, á sì wá kí awakọ̀. Ọ́ìlì tó ń bó ọ̀dà lára ọkọ̀, ẹ ò ní bi mí léèrè ohun tó fi bàtà ìnáwó mi ṣe.

Wọ́n bá wa tì í sẹ́bàá títì. Àwọn olùdámọ̀ràn dé. Awakọ̀ Micra kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bu omi ọṣẹ sí i, á gbé yín dé Mọ̀lété." Mọ̀lété wo? Mi ò ní nǹkan kan ní Mọ̀lété. Òmíràn ní kí n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Omi á mú sílíńdà dípẹtà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á mú rọ́bà wú títí tí kò ní lè rìn mọ́, àmọ́ nílùú Ìbàdàn, ẹni tí kò lọ́kọ̀ ló mọ ìtọ́jú ọkọ̀ jù.

Mẹkáníìkì dé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú tó kún fún sípánà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sí ńlẹ̀, ó ti lọ jẹun níbi ìnáwó kan. Ìnáwó wo? Tiwa náà ni.

Mo pe Bàbá ìyàwó mi tó ti dé gbọ̀ngàn. Awakọ̀ bọ́lẹ́kájà ni wọ́n nígbà ayé wọn. "Rọ́bà ni! Ẹ má ra odindi o. Láyé tiwa, ta ló ń ra odindi?" Àbúrò ìyàwó mi já fóònù gbà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá Bàbá lóhùn. Ẹ ra tuntun, tòkè tìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ òkè nìkan di tuntun, agbára rẹ̀ á bẹ́ rọ́bà ìsàlẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí." Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí fóònù, owó ìpè tèmi ló ń lọ.

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣí i ná. Inú sílíńdà ló máa dá ẹjọ́ yẹn." Ó tú ti òkè sórí páálí, ó nu inú rẹ̀, ó ní kí n fi èékánná wọ́ ọ. Èékánná mi há. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí ó bá pẹ́ jù kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, omi náà á jẹ irin ní ihò wẹ́wẹ́. Rọ́bà tuntun tí wọ́n bá kì sínú irú èyí, ihò á ha á já ni. Òkè ti kú nìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Inú rẹ̀ ń dán. Ó fi sáńpépà tó kúnná fọwọ́ bà á, ó fi ọ́ìlì bíréèkì fọ̀ ọ́, kì í ṣe pẹtiróòlù, ó ní rọ́bà ti tó èyí. Bàbá jàre ìdajì, àbúrò jàre ìdajì, inú ẹnì kankan kò dùn. Bàbá tiẹ̀ ní tó bá jẹ́ bíréèkì ni, àwọn fúnra wọn ò ní sọ pé rọ́bà: "Kílọ́ọ̀ṣì tó bá kọ̀, ẹ ó tì í. Bíréèkì tó bá kọ̀ ní Màpó, Bẹẹrẹ lẹ ó ti jí."

Ọlọ́kadà sáré lọ sí Aráròmí, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Géètì. Ó gbé tòkunbọ̀ tí wọ́n ti kùn dúdú wá. Mẹkáníìkì ká rọ́bà ẹnu rẹ̀ sókè, inú rẹ̀ tutù. Ó ti ń jò kó tó wọkọ̀ ojú omi. A dá a padà, tuntun dé.

Ó wá ku ká lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù. Mẹkáníìkì wà lábẹ́ ọkọ̀ nídìí nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, èmi ń rọ ọ́ìlì lókè kó má baà gbẹ. Ta ló máa tẹ pẹ́dà? Màmá bọ́ bàtà, wọ́n gorí àga awakọ̀.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ tún tẹ̀ ẹ́! Ẹ dì í mú!"

Màmá gbẹ́sẹ̀ kúrò, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ṣíárìn mú gírígírí. Afẹ́fẹ́ tí a ti lé jáde sáré wọlé padà.

"Màmá, ẹsẹ̀ ni o!"

"Ẹ ní kí n dì í mú. Ẹsẹ̀ ta lẹ rí tó ń di nǹkan mú?"

Àwọn tí wọ́n jọ wọ aṣọ ẹbí ń gòkè lọ, wọ́n rí Màmá nídìí ṣíárìn. "Háà, Ìyá Aláṣọ, ẹ ti ń wakọ̀ nù un?" Màmá ò já wọn nírọ́. Màmá juwọ́ sí wọn, wọ́n sì gbàgbé pẹ́dà. Afẹ́fẹ́ tún wọlé.

Nígbà tó yá, wọ́n tú gèlè, wọ́n ká léèsì sókè orúnkún, iṣẹ́ wá wọ̀ wọ́n lára. Àwọn ló wá ń pàṣẹ fún mẹkáníìkì: "Mo ti dì í mú! Tú u! Dé e! Ṣé o sùn ńbẹ̀un ni?" Pẹ́dà le koko.

Mẹkáníìkì dá owó iṣẹ́. Màmá tó ń ta aṣọ òkè l'Ọ́jẹ́ ná an títí ó fi dá ìlàjì padà. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n na ọwọ́.

"Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín bí i ti báwo, Màmá?"

"Owó iṣẹ́ kẹ̀. Ẹsẹ̀ ta ni?"

Iye tí wọ́n dá ju ti mẹkáníìkì lọ kí wọ́n tó ná an. Mo ní ká dé gbọ̀ngàn ná, ká jẹun, ká wá sọ ọ́. Màmá yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n jù ú sínú báàgì, wọ́n ní àwọn ò tà láwìn.

Mo ná an. Wọn ò yọ kọ́bọ̀. Mo san án.