Ojú Tó Ń Ta Mí Nídìí Odó

Ìdí odó ni mo wà nígbà tí mo mọ̀ pé mo ti ṣe ojú ara mi ní jàǹbá. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejìlá ni, àlejò kún ilé wa ní Adó-Èkìtì, Màámi sì ti ní èmi ni mo máa gún iyán. Ẹni tó bá mọ ilé Èkìtì mọ̀ pé a kì í ro poundo fún àlejò. Mo gún un títí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti iwájú orí mi. Bó ṣe kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi báyìí, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo pa mí lójú. Mo ju ọmọ odó sílẹ̀, mo sáré lọ bu omi. Omi gan-an tún ń ta mí. Màámi wò mí títí, ó ní, "Ojú lo fi lọ ata ni?"

Irorẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà, mo sì ti rò pé nǹkan ọmọdé ni irorẹ́, pé tó bá yá á lọ. Kò lọ. Àgbọ̀n mi àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ló gbà. Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn, mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó le jù lọ. Wọ́n gbé benzoyl peroxide fún mi, ìdá 10 nínú 100. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo tún ń fi pa ojú tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ni mo fi ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì tún ní omi ìnujú kan tó ní salicylic acid, oògùn irorẹ́ mìíràn tó ń bó awọ. Mo kó gbogbo wọn pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, mo fi kun ojú látòkè délẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbẹ́ imú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Àwòrán àwọn òyìnbó tí oògùn jó lójú tí mo ń rí lórí fóònù, ojú wọn ń pọ́n ni. Tèmi ò pọ́n. Ó dúdú sí i ni, ó wá ń ṣe bí eérú yíká ẹnu. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè mọ̀ pé awọ ló ń bínú. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo tún gbé kànrìnkàn. Ẹnìkan ní ilé tí mo ń gbé sì ti sọ fún mi pé, "Bó bá ti ń jó ọ, á jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí jẹ́ jù. Mo fara da ìrora náà bí ẹni tó ń gbààwẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdí odó yẹn ni aládùúgbò kan mú ìpara rẹ̀ wá. Wọ́n ti pò ó mọ́ra wọn nínú ike kékeré, kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ká má parọ́, láàárín ọjọ́ méjì ojú mi ti dán. Kò ta mí mọ́, irorẹ́ gan-an wálẹ̀. Mo lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tó tán, tí mi ò rí òmíràn rà, ní ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún, irorẹ́ kéékèèké tó dọ́gba bí ọkà bàbà tú jáde láti iwájú orí dé ọrùn, ojú sì ń jó mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ rí dókítà awọ ara. Ó ní irú ìpara àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní steroid tó lágbára nínú. Ó máa ń pa ìbínú awọ mọ́lẹ̀ kíákíá, àmọ́ ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń bí irorẹ́ tirẹ̀. Téèyàn bá fi í sílẹ̀, gbogbo ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ á gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó pẹ́, ẹ má kàn dáwọ́ dúró lójijì fúnra yín; ẹ jẹ́ kí dókítà tọ́ yín sọ́nà.

Ohun tó sọ nípa awọ ló yé mi jù. Ó ní awọ ojú dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá inú rẹ̀ ni símẹ́ńtì tó dì í pọ̀. Mo ti fi kànrìnkàn ha símẹ́ńtì náà, mo fi ọṣẹ fọ ìyókù, oògùn méjì wá wọlé láti ojú ihò, ọyẹ́ sì parí rẹ̀. Ọyẹ́ Èkìtì, lórí òkè tí a wà yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ti ọṣẹ dúdú, mi ò bá a jà, ó ṣì wà nílé ìwẹ̀ mi fún ara àti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, eérú èèpo kòkó pàápàá lọ́dọ̀ wa, eérú yẹn kì í sì fi ọ̀rá sílẹ̀. Ojú tó ń gba oògùn irorẹ́ ò lè gbà á.

Ó ní kí n fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ ná. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, ọwọ́ lásán láìsí kànrìnkàn, kí n fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi gbẹ, má fi nu ún. Lẹ́yìn náà kí n fi fasilíìnì díẹ̀ pa á nígbà tí omi ṣì wà lára awọ. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí omi tó lè kan ojú mi láìta mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi epo àgbọn kún un, mo kọ̀. Ó máa ń dí ihò awọ ẹlòmíràn, tèmi sì ti dí tó.

Ìgbà tí ojú rọlẹ̀ la tún bẹ̀rẹ̀ benzoyl peroxide, ṣùgbọ́n ìdá 2.5 ni báyìí. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ tó ìdá 10 lórí irorẹ́, ìjóni rẹ̀ ló kéré. Owó tí mo ti ná lórí èyí tó le dùn mí. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, alẹ́ méjì péré lọ́sẹ̀. Mo máa ń dúró kí ojú gbẹ dáadáa kí n tó fi í, nítorí awọ tútù ń gba oògùn wọlé jù, mo sì máa ń fi ìpara lásán pa ojú ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó fi alẹ́ kan kún un. Irorẹ́ ò sì kọbi ara sí ìkánjú mi: ó tó bí oṣù mẹ́ta kí n tó rí ìyàtọ̀ gidi. Àwọn tó ń lo adapalene, oògùn irorẹ́ mìíràn tí wọ́n ń fi pa ojú, bákan náà ni, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń bó jù. Àmọ́ kí aboyún tàbí ẹni tó ń retí oyún má fọwọ́ kàn án, kó béèrè èyí tó bá a mu.

Irorẹ́ ti lọ ṣáájú kí àpá tó lọ. Ibi tí oògùn ti jó mi ní àpá dúdú ju ibi tí irorẹ́ wà lọ, oòrùn sì ń mú un dúdú sí i. Bí mo bá ń lọ sí ọjà báyìí, mo máa ń fi sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, pa ojú, mo sì máa ń yọ agbòòrùn. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá òjò ń bọ̀.

Títa díẹ̀ tó lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mo lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí ìpéǹpéjú bá wú, bí ara bá ń yọ lé bí ẹni tí yèrèpè bà, tàbí tí èémí ò já geere, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara mọ́, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ ti aṣọ fún mi. Benzoyl peroxide ń ṣá aṣọ bíi bílíìṣì. Mo ti ba aṣọ ìnura búlúù méjì jẹ́ kí n tó mọ̀, àti ìborùn Màámi kan tí mo fi nu ojú lọ́jọ́ ìdí odó yẹn. Funfun nìkan ni mo ń rà báyìí. Ìborùn náà ṣì wà níbi tó so ó rọ̀ sí, tó ní kí n máa wò ó.