MB 125 fún ìṣẹ́jú-àáyá 10

Ní agogo 11 alẹ́ àná, mo gbé fóònù 5G mi sójú fèrèsé ní Ìkòròdú, mo wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré. 100 Mbps, ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan! Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo wo dátà mi: ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré ti jẹ MB 125. Bíìtì 8 ló ń di báìtì kan, ẹ ṣírò ó.

Ọ̀nà kan wà láti wọ̀n ọ́n tí kì í jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀: ká fi pákẹ́ẹ̀tì díẹ̀, ìyẹn ègé dátà kéékèèké, ránṣẹ́, kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ká wá fi àlàfo àárín wọn bí wọ́n ṣe ń dé ṣírò bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré. Lórí wáyà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lórí 4G ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Mìlísẹ́kọ́ọ̀ndì kọ̀ọ̀kan ni máàsìtì ń pín àyè fún àwọn fóònù, bí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ṣe ń bu ọbẹ̀. Àwọn pákẹ́ẹ̀tì mi á dúró de ìpín tiwọn, wọ́n á wá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àlàfo yẹn á sì tàn mí jẹ.

Láàárọ̀ yìí, níbi fèrèsé kan náà, 18 Mbps ni mo rí. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo ń wọ̀n ọ́n báyìí, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ni mo ń kọ sílẹ̀.