Rọ́tà kan, agboolé kan: ohun tí mo kọ́ nípa pípín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà púpọ̀

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ agboolé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ṣe rí: ilé ńlá wà níwájú, àgbàlá tẹ̀ lé e, àwọn yàrá ẹ̀yìn sì yí àgbàlá ká. Ẹni tó wá fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé kì í rìn jìnnà. Pálọ̀ tó kọjú sí títì ló ń gbé rọ́tà, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, kalẹ̀ sí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Bàbá tó wà ní pálọ̀ á máa wo fídíò láìsí ìdíwọ́, ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ní yàrá ẹ̀yìn ò ní rí ojú ìwé kan ṣoṣo ṣí. Gbogbo ilé á wá gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì náà ò dáa, wọ́n á lọ fowó kún owó. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn mọ ibi tó ti ń jò kó tó rọ omi kún un.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ fi okùn íntánẹ́ẹ̀tì (câble Ethernet) so kọ̀ǹpútà kan mọ́ rọ́tà tààrà, ẹ pa Wi-Fi rẹ̀, ẹ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ tún un wọ̀n lórí Wi-Fi. Bí ti okùn bá jẹ́ 20 Mbps (bí a ṣe ń ka ìyára íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn) tí ti yàrá ẹ̀yìn jẹ́ 2, inú ilé yín ni àìsàn náà wà. Bí méjèèjì bá kéré, ẹ pe àwọn tó ń tà á fún yín. Ẹ má sì da Mbps pọ̀ mọ́ MB (ìwọ̀n fáìlì) tí ẹ ń rí nígbà tí fáìlì bá ń wọlé: Mbps mẹ́jọ ló ń di MB kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìlà 10 Mbps ò lè gbé ju 1.25 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà fáìlì 1 GB á gbà tó ìṣẹ́jú 13 kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá bá a dù ú.

Ibi tí rọ́tà wà ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e sókè tó orí èèyàn, kó jìnnà sí fíríìjì, dígí ńlá, ilẹ̀kùn onírin àti táǹkì omi. Irin àti omi kì í jẹ́ kí ìgbì Wi-Fi kọjá dáadáa, ògiri amọ̀ tó nípọn náà ń jẹ nínú rẹ̀. Nínú oríṣi ìgbì Wi-Fi, 2.4 GHz ń la ògiri ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló wà lórí rẹ̀. Lórí rẹ̀, ẹ mú 1, 6 tàbí 11 níbi tí wọ́n kọ Canal (ọ̀nà tí ìgbì ń gbà) sí nínú ètò rọ́tà, torí àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni kì í gun ara wọn lẹ́sẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rọ́tà, 5 GHz ni kí ẹ lò.

Ṣùgbọ́n bí àgbàlá bá ti wà láàárín, okùn ni. Mi ò ní fi èyí ṣeré rárá. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cat5e lè lọ tó mítà 100 láì dín ìyára kù, agboolé tó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Kí ẹ tó rà á lọ́jà, ẹ fi ọ̀bẹ ha orí wáyà kékeré inú rẹ̀. Bó bá pupa wọnú, bàbà ni. Bó bá funfun lábẹ́ awọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ fi sílẹ̀. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ níbi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Èyí tó máa gba àgbàlá kọjá gbọ́dọ̀ ní awọ dúdú tí wọ́n ṣe fún ìta, tàbí kí ẹ tì í bọ inú páìpù, torí oòrùn á la awọ okùn lásán. Ẹ má dè é mọ́ wáyà iná lójú ọ̀nà.

Orí RJ45, orí oníke tí a ń fi sí ẹnu okùn, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ kọjú ibi tí irin rẹ̀ wà sí ara yín, kí ẹnu tí okùn ń gbà wọlé wà nísàlẹ̀, kí ẹ to wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti òsì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Bákan náà ni orí kejì. Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé ewé méjèèjì ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ni wọ́n bá to àwọn tó jọra ní méjì-méjì. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kékeré oníná tí wọ́n fi ń yẹ okùn wò dán an wò, gbogbo rẹ̀ á tàn. Síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì á máa já, torí wáyà kẹta àti ìkẹfà ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ láti inú okùn wá. Ẹ má tú ìlọ́pọ̀ wọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí awọ okùn sì wọ inú orí náà kí ẹ tó fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá wá ń sọ pé 100 Mbps lòun rí níbi tó yẹ kó rí 1000, wáyà kan ti já nínú mẹ́jọ: 100 ò nílò ju mẹ́rin lọ, ìyẹn 1, 2, 3 àti 6, ṣùgbọ́n 1000 ń lo gbogbo wọn.

Lápá kejì okùn, ẹ lè fi switch, àpótí tó ń pín okùn kan sí púpọ̀, síbẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tó lè gba okùn. Ẹni tó bá fẹ́ Wi-Fi níbẹ̀, rọ́tà àtijọ́ tó wà nínú àpótí tó. Bó bá ní ibi tí wọ́n kọ Point d'accès (kó kàn máa tan Wi-Fi káàkiri) sí, ẹ yàn án, ó parí. Bí kò bá ní, ẹ má tíì so ó mọ́ ti iwájú. Ẹ so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ọn, ẹ kọ àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ló sábà máa ń jẹ́. Bí rọ́tà iwájú bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ sọ tìkejì di 192.168.1.2, lẹ́yìn tí ẹ ti rí i pé nọ́ńbà yẹn ò sí lára èyí tí rọ́tà iwájú ń pín. Ẹ wá Serveur DHCP, ohun tó ń pín àdírẹ́sì, ẹ pa á. Ẹ fún Wi-Fi rẹ̀ ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ti iwájú, ṣùgbọ́n kí Canal wọn yàtọ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi okùn so ihò LAN (ihò tí a ń so kọ̀ǹpútà mọ́) lára ọ̀kan mọ́ ihò LAN lára èkejì. Ẹ fi ihò WAN (èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé láti ìta) sílẹ̀.

DHCP yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Òun ló ń fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, baálé méjì ò sì gbọdọ̀ máa pín ilẹ̀ kan náà. Bí rọ́tà méjì bá jọ ń pín in, kọ̀ǹpútà kan á ríṣẹ́ ṣe, èkejì ò ní rí i, lọ́la ọ̀rọ̀ á yí padà, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé dúdú ti Windows (Invite de commandes), ẹ kọ ipconfig, kí ẹ wo Passerelle par défaut, ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà jáde: àdírẹ́sì rọ́tà iwájú ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì tó fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan. Ẹ lọ wo okùn. Tí ẹ bá sì lo ihò WAN, íntánẹ́ẹ̀tì á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà iwájú ò ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́yìn.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra répéteur, ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì Wi-Fi tó sì ń tún un tàn jáde. Èyí tó ń fi ìgbì kan náà gbọ́ tó tún fi sọ̀rọ̀ ń gé ìyára sí méjì. Ẹ fi owó rẹ̀ ra okùn.

Ní Kétu tàbí Ṣabẹ, bó bá jẹ́ inú káàdì SIM ni íntánẹ́ẹ̀tì yín ti ń wá, ẹ gbé àpótí rẹ̀ sí ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó má ṣe wà lábẹ́ páànù. Ní Ṣabẹ, ẹ ṣọ́ra kí òkè àpáta má bọ́ sáàárín ẹ̀yin àti òpó náà. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ló ní íntánẹ́ẹ̀tì náà, Windows ní Point d'accès sans fil mobile lábẹ́ Réseau et Internet, ó sì lè fún ẹ̀rọ mẹ́jọ ní Wi-Fi. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà yẹn bá sùn, gbogbo yín lẹ sùn.

Ìmúdọ̀tun Windows ń jẹ dátà púpọ̀ láìdágbére. Ẹ tan Connexion limitée, èyí tó ń sọ fún Windows pé kó ṣọ́ dátà ná, sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan níbi tí dátà bá ti níye. Níbi tí kò bá níye, ẹ lọ sí Optimisation de la distribution, kí ẹ gbà kí àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé máa gba ìmúdọ̀tun lọ́wọ́ ara wọn: ọ̀kan á fà á wọlé láti ìta, àwọn yòókù á bu díẹ̀ tàbí púpọ̀ níbẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé bá kàn falẹ̀ lójijì, ẹ wo ẹni tó ń kó fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọ̀nà àjáde bá kún, ìbéèrè àwọn yòókù ò ní rí ibi gbà jáde.

Tí iná bá lọ, bátìrì kékeré 12 V á gbé rọ́tà dúró. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀: V gbọ́dọ̀ dọ́gba, A lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín. Bó bá jẹ́ okùn fíbà, àpótí kékeré tí fíbà wọ̀ nílò iná tirẹ̀ pẹ̀lú, òun ni wọ́n sì ń gbàgbé. Tí òjò bá ṣú, ẹ yọ okùn àgbàlá ní orí rẹ̀ méjèèjì kí àrá tó bẹ̀rẹ̀. Bàbà ń gbé àrá wọlé.

Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú rọ́tà fúnra rẹ̀ padà, ẹ lo WPA2 tàbí WPA3 láti fi dáàbò bo Wi-Fi yín, ẹ pa WPS (èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìkọ pásíwọ́ọ̀dù), ẹ ṣí Réseau invité, Wi-Fi tó dá dúró, fún àlejò. Kí ẹ wá mú ìwé kan, kí ẹ kọ àdírẹ́sì rọ́tà méjèèjì, ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan wọ̀ àti bí àwọ̀ wáyà ṣe tò sí i, kí ẹ fi sálótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́tà iwájú, kí ẹni tó bá wà nílé lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ lè rí i kà.