Àbúrò Mi Ló Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún Mi

Bí ẹ bá wá kí mi nílé ní Ìkẹ́rẹ́, orí ìdúró lẹ óò bá mi. Ẹ má rò pé mò ń lé yín lọ o. Àtìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mi ni ìjókòó ti le fún mi ju ìdúró lọ.

Iṣẹ́ abẹ náà kò kúkú já sí asán. Tẹ́lẹ̀, dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn, yọ, ó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, ìrora á gba ìdí sọ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí ìgbà tí iná gbé èèyàn. Ìyẹn ti lọ. Èyí tó wà nínú ẹ̀yìn gan-an ni kò lọ, ó sì ti kọjá oṣù mẹ́ta tí àwọn dókítà fi ń mọ ìrora tó ti di bárakú. Wọ́n ní àpá lè dì mọ́ iṣan níbi tí wọ́n là, dísìkì lè tún yọ, iṣan tó ti jìyà pẹ́ sì lè má bọ̀ sípò tán. Nígbà míì, àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI yà kò ní fi nǹkan kan hàn, síbẹ̀ ẹ̀yìn á máa ro èèyàn. Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí àwọn ará ilé á ní, "Ṣebí wọ́n ní kò sí nǹkan kan mọ́?"

Ní ọsibítù, ìbéèrè kan náà ni: "Láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín lónìí?" Màá ní mẹ́fà. Bí mo sùn, bí n kò sùn, mẹ́fà náà ni. Ọmọkùnrin físíò, ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ẹ̀yìn mi, ló wá mú ìwé ìbéèrè kan jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Oswestry, tó ti wà láti 1980. Ó bi mí bí mo ṣe ń jókòó, bí mo ṣe ń gbé ẹrù, bí mo ṣe ń sùn, bí mo ṣe ń rìnrìn àjò (owó èèyàn méjì ni mò ń san níwájú táàsì Adó). Ó tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ọmọ tí mo lè kọ́ ní kíláàsì! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dáhùn.

Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò mọ Èkìtì. Kò bèèrè iyán. Ọmọ mi ló ń gún un báyìí, kókó ló sì ń kún inú rẹ̀. Ẹ má dárúkọ pòńdò fún mi.

Kò bèèrè ìdọ̀bálẹ̀ náà. Níbi ìdána kan ní Ìjerò, mo fọwọ́ gbá orúnkún mú, mo tẹ̀ba díẹ̀. Bàbá àna wò mí tìkà-tẹ̀gbin: "Ṣé ẹni yìí kò rí wa ni?" Ìyàwó mi ló sáré lọ ṣàlàyé. Látìgbà yẹn, bí òde bá ti le, àbúrò mi ni mò ń mú lọ, òun ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní amitriptyline, díẹ̀ lálẹ́, ń jẹ́ kí n sùn, ẹnu á kàn máa gbẹ. Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, bó bá tilẹ̀ ku ìwé ọmọ mẹ́ta tí n kò tíì máàkì.

Mo ní kí físíò kọ ìdọ̀bálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì la ti bẹ̀rẹ̀. Orúnkún ti ń balẹ̀, ọwọ́ méjèèjì náà ti ń balẹ̀, ó ku àyà.