Ojú Duane Jones

Mo ti wo Night of the Living Dead, fíìmù abanilẹ́rù nípa òkú tó jí dìde tó ń jẹ ènìyàn, tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó rí ojú Duane Jones dáadáa. Àdàkọ àdàkọ ni kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi: ohun tó funfun ń tàn yòò, ohun tó dúdú sì ṣú bí èédú. Jones, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ṣe Ben, wá dà bí òjìji tó ń kan pákó mọ́ fèrèsé. Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń dá a mọ̀.

Àṣìṣe kan ló fà á. Night of the Flesh Eaters ni wọ́n kọ́kọ́ pe fíìmù náà. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ orúkọ kó tó jáde ní 1968, àmì ẹ̀tọ́ oní-nǹkan (copyright) tó wà lára àkọlé àtijọ́ bá a lọ. Lójú òfin Amẹ́ríkà nígbà náà, ó ti di ti gbogbo ayé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè dà á kọ kó tà á. Ó dùn mí fún George Romero, olùdarí fíìmù náà, àti àwọn tí wọ́n jọ fi nǹkan bí 114,000 dọ́là ṣe é nítòsí Pittsburgh. Àmọ́ ọ̀nà yẹn náà ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní 2016, wọ́n tún un ṣe láti ara ojúlówó fíìmù tí kámẹ́rà yà. Mo wò ó lóru. Níbi tí Ben ti ń ròyìn ọkọ̀ epo tó gbiná fún Barbra, ojú Jones nìkan ti tó mi: ó rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù ń bà á, kò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin náà mọ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àwọ̀ rẹ̀ nínú fíìmù náà látòkè délẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òwúrọ̀. Àwọn ọkùnrin oníbọn dé, wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn òkú náà ni Ben, wọ́n yìnbọn fún un lórí. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pa tẹlifíṣọ̀n, torí náà mo gbà pé ó parí nìyẹn. Kò parí. Fọ́tò ló tẹ̀ lé e, ó rí hótóhótó bí fọ́tò ìwé ìròyìn: ìkọ́ ẹran lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, òkú Ben nílẹ̀. Wọ́n ti parí fíìmù náà kí wọ́n tó pa Martin Luther King, aṣáájú ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin 1968. Romero sọ pé inú mọ́tò lòun ti gbọ́ ìròyìn ikú rẹ̀ lórí rédíò, bí òun ṣe ń gbé fíìmù náà lọ sí New York.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa á tí ìbọn bá dún.” A jọ wò ó, a ò sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi ti iná bọ igi.