Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ ìtàn ilé-ìwé, ẹ ṣí yearbook (ìwé ọdọọdún ilé-ìwé) kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan

Ó pé ọdún mẹ́wàá lóṣù yìí tí mo ti ń bá wọn kó ìtàn eré ìdárayá ilé-ìwé girama jọ níbí ní Indiana, l'Amẹ́ríkà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ọ̀kan nínú yín tó fẹ́ ṣe irú àṣìṣe témi náà ṣe, ni mo bá ní kí n kọ eléyìí.

Àkọ́kọ́, ife ẹ̀yẹ tó wà nínú àpótí gíláàsì kọ́ ni ìtàn. Gbogbo èèyàn níbí ló mọ Milan tó gba ife básíkẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ ní 1954, ilé-ìwé tákẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ò tó igba, tí Bobby Plump ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn sáwọ̀n tí wọ́n fi na Muncie Central 32–30. Ó dáa, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ní 1955 tí Crispus Attucks, ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, gba ife tiwọn pẹ̀lú Oscar Robertson, ṣé ẹ mọ̀ pé títí di 1942 ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje náà ò gba ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú wọlé rárá? Ife ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Èkejì, lẹ́yìn òfin ìtúntò ilé-ìwé tí Indiana ṣe ní 1959, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kéékèèké ni wọ́n pa pọ̀, torí náà bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ kọ “a gba ife”, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé àwọn wo ni “a” yẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ohun tójú mi rí. Ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n ní kí n ṣe pátákó ìtàn tí wọ́n máa gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà jíìmù. Mo mọ̀ pé òfin Title IX, tó ní kílé-ìwé má ṣe ojúsàájú láàárín ọkùnrin àti obìnrin, jáde ní 1972, mo mọ̀ pé 1976 ni ìdíje ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ fáwọn ọmọbìnrin, tí Warsaw gbà á, ni mo bá kọ ọ́ gàdàgbà pé 1976 làwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì nílé-ìwé yìí. Mo ti bi ọ̀gá mi bóyá kí n yẹ àwọn yearbook àtijọ́ wò, ó ní kò sáyè, kí n máa lo ìwé ìdíje lọ.

Ọjọ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ padà wálé, ìyá òyìnbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin dúró síwájú pátákó yẹn, ó kà á, ó tún un kà, ó wá ṣí báàgì ẹ̀ ó mú fọ́tò kan jáde, àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà nínú ṣòkòtò bàǹtẹ̀ fífẹ̀, èyí tó wà láàárín gbé bọ́ọ̀lù lé orúnkún, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ “26” sára bọ́ọ̀lù náà. Ó fọwọ́ lé ẹnì kẹta lápá òsì, ó ní, “Ìyá mi nìyí. Èmi tí mo lọ síbí lẹ́yìn wọn, àtẹ́wọ́ fáwọn ọkùnrin ni wọ́n ní kí n máa pa.”

Ọ̀gá mi tó wà nítòsí nàka sí mi lójú gbogbo èèyàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ará Nàìjíríà yẹn ló kọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí dòní, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló kọ ọ́ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo ṣí yearbook 1926, ó wà lórí pẹpẹ tí mò ń kọjá lójoojúmọ́. Ojú ìwé méjì odidi fún wọn, pẹ̀lú iye àmì ayò gbogbo ìdíje! Nígbà tó yá làwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ káàkiri bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìdíje ti le jù fún ọmọbìnrin, bí wọ́n ṣe pa á rẹ́ níbi púpọ̀ nìyẹn, témi náà sì fẹ́ fi pátákó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo lọ sílé ìyá yẹn láti lọ ya fọ́tò náà. Ó ti fi sínú férémù, kò gbà kí n yọ ọ́, ni mo bá yà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì. Òun ló fà á tí ìmọ́lẹ̀ fi tàn sí kọ̀rọ̀ ọ̀tún lára pátákó tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kẹ́ ẹ gé ibẹ̀ kúrò kó lè mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.