Ìwé ọkọ yàtọ̀ sí ìwé ìyàwó: ọmọ Jámánì tó ń kó lọ sí Nọ́rwèy

Ní Àkúrẹ́ níbí, a máa ń sọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù Jámánì bí ẹni pé ó ti parí gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé fún ẹni tó ni ín, àti fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí nígbà tí ọkọ ọmọ àbúrò mi, ọmọ Oǹdó tí wọ́n bí sí Hamburg tó sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì, rí iṣẹ́ sí ìlú Bergen ní Nọ́rwèy, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ mọ́. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ ọmọ tiwa. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti òfin ilẹ̀ náà, mo sì ń kọ ohun tí mo rí síbí fún gbogbo ìdílé tó ní ọmọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí a má bàa fi ẹ̀tọ́ ọkọ díwọ̀n ẹ̀tọ́ ìyàwó.

Nọ́rwèy kò rí bí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Dẹ́nmárkì, Swídìn àti Fínlándì wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bíi ti Jámánì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará Nọ́rwèy dìbò pé àwọn kò wọ àjọ náà, ní ọdún 1972 àti ní ọdún 1994. Ohun tó so wọ́n mọ́ àwọn yòókù ni àdéhùn ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní EEA, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1994. Àdéhùn yìí ló fún ọmọ Jámánì ní ẹ̀tọ́ láti wọ Nọ́rwèy, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì máa gbé níbẹ̀ láìgba físà tàbí ìyọ̀ǹda iṣẹ́. Ilẹ̀ náà tún wà nínú ètò Schengen, ìyẹn àdéhùn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí kì í sábà yẹ ìwé wò ní ẹnubodè ara wọn, láti ọdún 2001, káàdì ìdánimọ̀ Jámánì nìkan sì tó fún un láti fi wọlé.

Oṣù 3 àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Bí ó bá fẹ́ gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí oṣù 3 náà tó pé, kí ó sì fi ìdí tí ó fi ń gbé ibẹ̀ hàn: iṣẹ́ tí ó ń ṣe, òwò ara rẹ̀, ẹ̀kọ́, tàbí owó tó lè gbọ́ bùkátà rẹ̀ pẹ̀lú adójútòfò ìlera. Ẹni tó ṣì ń wá iṣẹ́ lè lo tó oṣù 6. Wọn kì í gba owó fún ìforúkọsílẹ̀ náà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún un kì í sì í ní ọjọ́ tí yóò parí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn níhìn-ín ni pé ohun tí ènìyàn ń ṣe níbẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà rọ̀ mọ́, kì í ṣe páásípọ́ọ̀tù nìkan; nítorí náà, ìwé àdéhùn iṣẹ́ àti ìwé owó oṣù kì í ṣe ohun tí a ń jù nù.

Yàtọ̀ sí ọlọ́pàá, ilé iṣẹ́ owó orí wọn, Skatteetaten, ló ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ju oṣù 6 lọ ní láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láàárín ọjọ́ 8 tí ó dé, kí wọ́n lè fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì, dókítà àti agbanisíṣẹ́ yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Jámánì pẹ̀lú, ó ní láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àdúgbò láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tí ó bá kó jáde.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ló pọ̀. Ìwé ìgbélùú Jámánì tó wà lọ́wọ́ ọmọ wa lè mú un dé Nọ́rwèy ṣe àbẹ̀wò fún 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́, ṣùgbọ́n kò fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ibẹ̀. Bí ó bá sì ti kó kúrò ní Jámánì pátápátá, ìwé ìgbélùú ọ̀hún lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí ó nílò ni káàdì ìgbélùú tí Nọ́rwèy ń fún ará ilé ọmọ EEA (ìyẹn ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn EEA) tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ EEA, ó sì gbọ́dọ̀ béèrè fún un láàárín oṣù 3 tí ó dé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, UDI, ni wọ́n ti ń kọ ìwé ìbéèrè náà, lẹ́yìn náà ni yóò gbé páásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ẹ̀rí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá. Kò sí owó nínú èyí náà. Ìyàwó tó bá ń ti Nàìjíríà lọ bá ọkọ rẹ̀ yóò gba físà ná, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni físà irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìgbéyàwó yìí ni kí a fi ojú inú wò dáadáa nílé níbí kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ìdáná ni ìgbéyàwó lójú tiwa, kò sì sí ẹni tó lè já ìyẹn sí irọ́. Àmọ́ ìwé ìgbéyàwó kóòtù ni òṣìṣẹ́ tó wà ní Bergen yóò nà ọwọ́ gbà. Nínú ìwé ọmọ tiwa, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ ló ṣíwájú, orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sì wà láàárín; nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, orúkọ méjì péré ni, orúkọ ìdílé ọkọ ló sì wà níbi tí ti bàbá rẹ̀ yẹ kó wà. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ wá rí yóò rí obìnrin méjì. Ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́ la fi so orúkọ méjèèjì pọ̀, ó sì sàn kí irú rẹ̀ ti wà nínú fáìlì kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Lẹ́yìn ọdún 5 tí wọ́n bá ti ń gbé ibẹ̀ lọ́nà òfin láìdáwọ́ dúró, ọkọ àti ìyàwó ní ẹ̀tọ́ ìgbélùú títí lọ. Ìrìn àjò sílé kò ba kíka ọdún náà jẹ́ bí kò bá ti ju oṣù 6 lọ lọ́dún kan, òfin sì gba oṣù 12 láàyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ohun tó ṣe gbòógì bí oyún àti ìbímọ tàbí àìsàn líle. Kí àwọn ìyá tó fẹ́ kí ọmọ wọn wá bímọ sílé ka oṣù wọn dáadáa. Ẹni tó bá sì ti gba ẹ̀tọ́ ìgbélùú títí lọ lè pàdánù rẹ̀ bí ó bá kúrò níbẹ̀ fún ohun tó ju ọdún 2 lọ ní àkókò kan.

Kò sí òbí tó fẹ́ dárúkọ ìkọ̀sílẹ̀ nígbà tí aṣọ ìyàwó kò tíì gbó, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ìyàwó ti máa ń dà bí okùn tí ẹlòmíràn dì mú. Bí ìgbéyàwó bá tú, ìyàwó tí kì í ṣe ọmọ EEA lè máa gbé ibẹ̀ nìṣó bí ìgbéyàwó náà bá ti pé ọdún 3 ó kéré tán, tí ọdún 1 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní Nọ́rwèy. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń fìyà jẹ nínú ilé ní ààbò lábẹ́ òfin náà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni opó tó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún 1 kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi hàn pé òun ní iṣẹ́ tàbí owó tí òun fi ń gbọ́ bùkátà ara òun kí ó tó lè gba ẹ̀tọ́ títí lọ. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí ọkọ tó bá ní kí ìyàwó òun jókòó sílé, kí òun máa ṣe gbogbo rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé owó oṣù nínú ìfẹ́ náà.

Dídi ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́rwèy tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn lọ́tọ̀. Ọdún 8 láàárín ọdún 11 ni wọ́n ń béèrè ní gbogbogbòò, ọdún 6 sì ni fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá tó ìwọ̀n tí òfin sọ. Àwọn ọmọ Swídìn, Dẹ́nmárkì, Fínlándì àti Íslándì kì í dúró tó bẹ́ẹ̀, ọdún 2 ni tiwọn. Ọmọ Jámánì kò sí nínú àǹfààní yẹn. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Nọ́rwèy ti gbà kí ènìyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Jámánì ní tirẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ bá gba Nọ́rwèy láìtọrọ ààyè ṣáájú, ó ń pàdánù ti Jámánì, títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2024 tí òfin tuntun mú ìyẹn kúrò. Ní ti ọmọ wa, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gba jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí a bí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó gba ti ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Bergen kì í di ọmọ Nọ́rwèy nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí; ti bàbá àti ti ìyá rẹ̀ ni yóò jẹ́, ìyẹn Jámánì àti Nàìjíríà.

Ohun tó kù ni èdè. Ẹni tó fẹ́ di ọmọ Nọ́rwèy gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò sísọ èdè wọn ní ìpele B1, ìyẹn ìpele ẹni tó lè fi èdè náà sọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn tó sì gba ọ̀nà EEA wọlé kò ní ẹ̀tọ́ sí kíláàsì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn àjèjì mìíràn kan. Nítorí náà la ṣe fẹnu kò nínú ẹbí pé a kò ní ra aṣọ ẹbí fún ìdágbére wọn. Owó kíláàsì ìyàwó ni a ó fi ránṣẹ́, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí wọ́n bá dé.